Ilé Ló Ń Pín Ipò fún Ọkùnrin àti Obìnrin: Àlàyé lórí Bí Ìpín Náà Ṣe Ń Wáyé àti Ohun Tó Ń Yí I Padà

Àríyànjiyàn lórí ipò ọkùnrin àti obìnrin láàárín àwa ọmọ Yorùbá kì í pẹ́ pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan á ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àṣà wa ti fi ọkùnrin ṣe olórí, pé obìnrin tó bá ń bèèrè ohun mìíràn ń fara wé òyìnbó ni. Àwọn mìíràn á ní irọ́ ni, pé obìnrin Yorùbá ń ṣòwò, ó ń jẹ oyè, ó sì ní dúkìá tirẹ̀ kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Èkó, pé òyìnbó gan-an ló wá sọ ọ́ di ẹni tí ń jókòó sílé de owó oṣù ọkọ. Bí ẹ bá tẹ́tí sí àwọn méjèèjì dáadáa, ẹ óò rí i pé ẹ̀rí gidi wà lọ́wọ́ ìhà kọ̀ọ̀kan, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í yanjú. Ohun tó ń dà á rú ni pé a máa ń sọ̀rọ̀ nípa ipò obìnrin bí ẹni pé ipò kan ṣoṣo ni. Ilé ló ń fún ènìyàn ní ipò, ilé tí obìnrin kan sì ń bá tan láyé rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Bí a bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ àti ọlá ṣe ń pín láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àti ìdí tí ìpín náà fi ń yí padà kíákíá nínú ẹbí kan, tí kò sì mira rárá nínú ẹbí mìíràn, inú ilé ni a ní láti wọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú òde ìsìnkú àgbàlagbà kan ní ìlú bí Ìlá Ọ̀ràngún tàbí Òṣogbo. Láti ìdájí ni àwọn ìyàwó ilé, ìyẹn àwọn obìnrin tí a fẹ́ wá sínú agbo ilé náà, ti wà ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti to ààrò sí ìlà, wọ́n ti gbé ìkòkò kaná. Ọ̀kan ń ro àmàlà, èkejì ń ko iná mọ́ ìdí ọbẹ̀, ẹ̀kẹta ń fọ àwọn àwo tí wọ́n kó dé láti abẹ́ àtíbàbà, èéfín igi sì ti sọ ojú gbogbo wọn di pupa. Níwájú ilé, àwọn ọmọ ilé lóbìnrin, àwọn tí a bí sínú agbo ilé yìí kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ tiwọn, jókòó nínú aṣọ ẹbí. Wọ́n ń gba àlejò, wọ́n ń gba owó tí àwọn àlejò mú wá, wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé pé, "Ẹ̀yin ìyàwó, oúnjẹ àwọn ará Ìbàdàn dà?" Obìnrin ló ń pàṣẹ, obìnrin náà ló ń jẹ́ iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó kà á sí ìgbéraga. Bí ìsìnkú bá wáyé ní ilé baba obìnrin tó ń ro àmàlà yìí ní oṣù tó ń bọ̀, òun náà yóò wọ aṣọ ẹbí, yóò jókòó níwájú ilé, àwọn ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni yóò sì wà nídìí ààrò.

Òfin tó wà nídìí èyí kò le. Láti ọjọ́ tí ìyàwó bá wọlé ni a ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ilé ọkọ. Ọmọ yòówù tó bá ti wà nínú ilé náà kí ó tó dé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni lójú àṣà, kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ àbísọ pè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyàwó fi máa ń fún àwọn ọmọ ilé ní orúkọ àpèlé bí Adúmáadán, Ìbàdíàrán àti Akọ̀wé, tí wọ́n sì ń pe ọmọbìnrin ilé ní "ọkọ mi" bí wọ́n ṣe ń pe ọmọkùnrin. Ọkùnrin náà ní ilé tirẹ̀ tó ti ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀: bó ti wù kó lówó tó, bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àna rẹ̀, ó ní láti dọ̀bálẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ibẹ̀ ló sì ń dọ̀bálẹ̀ fún. Àwọn tó ń sọ pé obìnrin Yorùbá ní àṣẹ kò purọ́, nítorí ilé baba ni wọ́n ń wò.

Àmọ́ kò yẹ kí a fi èyí tan ara wa jẹ. Obìnrin ló ń kó ẹrù kúrò nílé, tó ń lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní ilé àwọn ẹlòmíràn. Ọkùnrin máa ń wà níbi tí wọ́n ti bí i, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n sí ọmọ ilé láti kékeré títí di ọjọ́ alẹ́. Ipò olórí ẹbí, mọ́gàjí àti baálé, ọkùnrin ló sábà máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Bí ẹ bá ka iye ọjọ́ tí obìnrin ń lò nílé baba lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí ẹ sì fi í wé iye ọjọ́ tó ń lò nílé ọkọ, ẹ óò rí i pé ibi tó ti jẹ́ àgbà kọ́ ló ti ń jí lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin tó ń dàgbà ń rí i pé ìyá òun ń kúnlẹ̀, ó ń dáná, ó ń sìn, ó sì ń kà á sí pé bí obìnrin ṣe rí nìyẹn, láìmọ̀ pé ipò ìyàwó ni ohun tí òun ń wò. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà láti ìhà kejì. Lójú tèmi, ibí yìí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù ti ń wọlé: a mú ohun tí àṣà là sílẹ̀ fún ìyàwó, a sì sọ ọ́ di ohun tí Ọlọ́run là sílẹ̀ fún obìnrin.

Òfin ogún fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere, ó sì yẹ kí gbogbo obìnrin tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ ọ́n dáadáa. Nínú ẹjọ́ Lopez tí wọ́n dá ní ọdún 1924, ilé ẹjọ́ gbà pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú dúkìá ẹbí tí baba fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin ti ní in. Ọ̀nà méjì ni a fi ń pín irú dúkìá bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò gba ìpín tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, a ó kọ́kọ́ pín in sí iye àwọn ìyàwó tó bímọ fún olóògbé, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan tó wá pín èyí tó kàn wọ́n láàárín ara wọn. Ìdí-igi yìí ni àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí ẹjọ́ wa ṣì ń lọ sọ́dọ̀ wọn nígbà náà, fọwọ́ sí ní ọdún 1962 nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole gẹ́gẹ́ bí àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú ọ̀nà méjèèjì, kò sí ibi tí a ti ń bèèrè bóyá ọmọ náà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàwó: orúkọ rẹ̀ ni a fi ń la ogún sí ọ̀nà nínú ìdí-igi, òun fúnra rẹ̀ kò sì gba nǹkan kan, nítorí aya kì í jogún ọkọ lábẹ́ àṣà. Nípasẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló fi ń rí ibi dúró sí nínú ilé náà. Obìnrin tó bá ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, wà lábẹ́ òfin mìíràn tó fún aya ní ìpín nínú ohun tí ọkọ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó jẹ́ pé ìdána nìkan ni wọ́n ṣe kò mọ ìyàtọ̀ yìí títí di ọjọ́ tí àwọn àbúrò ọkọ bá wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn ipò, ohun mìíràn tí ilé ń pín ni àpò owó, òun ló sì ṣàlàyé ìdí tí àwọn obìnrin wa fi kún ọjà. Nínú ilé olórogún àtijọ́, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní yàrá tirẹ̀ àti ìkòkò ọbẹ̀ tirẹ̀. Ọkọ ń mú iṣu àti àgbàdo wá láti oko, a sì retí pé kí ó fún ìyàwó tuntun ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń se ọbẹ̀, aṣọ ọmọ, àti owó ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ dé, ìyá ló sábà máa ń wá a. Àwọn ọmọ ìyá kan náà mọ̀ pé ìyá àwọn ni àwọn gbójú lé. Àwọn ọbàkan sì ń du ojú rere baba mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ìyá kan kò bá ní owó lọ́wọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Òwò obìnrin nígbà náà kì í ṣe òmìnira nìkan, ojúṣe tó wúwo ni, àwọn tó ń yìn ín lónìí kì í sì í rántí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Síbẹ̀, ohun tó ti inú rẹ̀ jáde pọ̀: ó bí àjọ àti èsúsú, ó bí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó ní ìyálọ́jà tirẹ̀, ó sì fún àwọn obìnrin ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, tí wọ́n ti ń dá owó jọ, tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́, tí kò sí lábẹ́ ọkọ ẹnikẹ́ni. Láti inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Ẹfúnróyè Tinúbú ti dìde, tó fi di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864.

Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tiwọn, ètò àpò owó yìí ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Ọkọ kan, aya kan, owó oṣù kan. Àwọn akọ̀wé, àwọn olùkọ́ àti àwọn ajíhìnrere ni ó bẹ̀rẹ̀ irú ilé yìí, ìjọba amúnisìn sì gbè é lẹ́yìn: ọdún 1909 ni ó dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní Èkó, kò sì dá Queen's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin títí di ọdún 1927. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé ni ó gba ọ̀pọ̀ àkókò, nítorí aya olùkọ́ àti aya àlùfáà ni wọ́n ń tọ́ wọn dà. Nígbà tí ẹnìkan bá sọ lónìí pé àṣà wa ni pé kí ọkùnrin máa wá owó, kí obìnrin sì máa tọ́jú ilé, ilé akọ̀wé yìí ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìyá-ìyá òun alára ń ru ẹrù láti ọjà dé ọjà, tí ó sì ń dá sí owó tí baba-ìyá rẹ̀ fi ń ra ilẹ̀.

Iye ọmọ tó wà nílé àti iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe tún ní ipa tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ń din àkàrà, tí kò sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò obìnrin, yóò ti jí ní aago mẹ́rin ìdájí, yóò bó ẹ̀wà tí wọ́n rẹ mọ́jú, yóò gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta, yóò gé àlùbọ́sà, yóò sì fọ ọpọ́n kó tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó jókòó tì í láti kọ́ ọ pé ọkùnrin lè ṣe iṣẹ́ ìdáná. Ebi ló kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó máa ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé ọ̀pọ̀ irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá gbéyàwó, wọn kì í fọwọ́ kan ìkòkò mọ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe kò kúrò lọ́wọ́ wọn, ipò ni wọ́n gbà: nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá wọn, iṣẹ́ náà tọ́ sí wọn, nígbà tí wọ́n di ọkọ ní ojú gbogbo ẹbí, kò tọ́ sí wọn mọ́. Èyí fi hàn pé kíkọ́ ọmọkùnrin ní iṣẹ́ ilé dára, àmọ́ kò tó. Àwọn tó wà láyìíká rẹ̀, ìyá rẹ̀ gan-an sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn, ni ó ń sọ fún un ohun tó bá ipò rẹ̀ mu.

Bí ilé ṣe lè pín ipò, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe lè fún ènìyàn ní ohun tí yóò fi yí ìpín náà padà. Kò sí àpẹẹrẹ tí mo mọ̀ tó ju ti Abẹ́òkúta lọ. A bí Fúnmiláyọ̀ Thomas, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ní ọdún 1900 sí ilé onígbàgbọ́ tó tan mọ́ àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Sierra Leone, tí wọ́n sì padà wá sílé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ka ìwé sí ohun ìní. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ọdún 1914, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gírámà Abẹ́òkúta gba ọmọbìnrin fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ni wọ́n gbà. Láti ọdún 1919 sí 1922, ó wà nílé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ẹni tó wá di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ gírámà náà ní ọdún 1932, tó sì tún jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Ọkọ yìí ka aya rẹ̀ sí alábàáṣe nínú iṣẹ́, kò sì dí i lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ le.

Ní ọdún 1932 tí Fúnmiláyọ̀ dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn aya olùkọ́ àti aya akọ̀wé ni ó kún inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin ni: wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń rán aṣọ, bí a ṣe ń gbàlejò, bí a ṣe ń tọ́jú ilé lọ́nà ìgbàlódé. Ohun tó wà nínú ilé wọn nìyẹn, òun náà ni wọ́n gbé dé ìpàdé. Àwọn obìnrin ọjà, àwọn aláró àti àwọn tó ń ta ìrẹsì, wà ní ilé mìíràn pátápátá. Wọn kò lè ka ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó, wọ́n ní ẹgbẹ́, ìyà sì ń jẹ wọ́n. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, gbogbo àṣẹ ti bọ́ sí ọwọ́ Aláké kan ṣoṣo, ohùn Ìyálóde kò sì já mọ́ nǹkan mọ́ nínú ìgbìmọ̀. Láti ọdún 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin sì ń bẹ̀rẹ̀ ní 16, àwọn obìnrin sì ń ké pé àwọn agbowó orí ń tú aṣọ lára ọmọ wọn láti wò ó bóyá ó ti bàlágà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà láìsanwó tàbí ní owó tí kò tó nǹkan.

Láàárín ọdún 1940 sí 1945, àwọn obìnrin ọjà kan fẹ́ kọ́ ìwé kíkà, wọ́n wá sọ́dọ̀ àwọn ìyáàfin wọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni ilé méjèèjì ti pàdé. Àwọn tó mọ̀wé gbọ́ ohun tí ojú àwọn ọlọ́jà ń rí, wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, wọ́n gbé e dé ilé iṣẹ́ ìròyìn, ìjọba sì dáwọ́ ìrẹsì gbígbà dúró. Ní ọdún 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Fúnmiláyọ̀ bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń wọ ìró àti bùbá, ó ń sọ Yorùbá níwájú èrò, ọ̀rọ̀ ìránṣọ àti ìgbàlejò sì kúrò nílẹ̀. Ní òpin ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin yí Ààfin Aké ká, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n kọrin èébú, wọ́n ní àwọn kò san owó orí mọ́ títí tí wọn yóò fi fún àwọn ní ohùn nínú ìgbìmọ̀. Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò ní ìlú ní ọdún 1948, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1949, kí ó tó padà sórí ìtẹ́ ní òpin ọdún 1950. Wọ́n dá owó orí àwọn obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ inú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú, Fúnmiláyọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Mo pẹ́ díẹ̀ lórí ìtàn yìí nítorí pé bí a ṣe ń sọ ọ́ lónìí, bí ẹni pé akọni obìnrin kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ ṣe, kò jẹ́ kí a rí bí ìyípadà ṣe ń wáyé. Ìwé àti orúkọ wá láti ilé onígbàgbọ́; owó, iye ènìyàn àti ọgbọ́n ìṣètò wá láti ilé àwọn ọlọ́jà. Ilé kìíní nìkan ti wà láti ọdún 1932, kò sì mi ààfin. Ilé kejì nìkan ti ń jìyà láti ọdún 1918. Ìgbà tí àwọn obìnrin tó ti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá pàdé ara wọn, tí kálukú mú ohun tí ilé rẹ̀ fún un wá, ni nǹkan tó yí.

Ẹ má ṣe rò pé ilé kan náà ni yóò máa bí irú ìwà kan náà títí. Fúnmiláyọ̀ àti Israel bí ọmọ mẹ́rin. Olikoye di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985, ó sì fi gbogbo agbára gbé ìtọ́jú alábọ́dé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àti ọmọdé. Fẹlá jogún ìgboyà ìyá rẹ̀ níwájú ìjọba, ṣùgbọ́n ó gbéyàwó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní ọjọ́ kan ní ọdún 1978, ó sì sọ gbangba pé ọkùnrin ni olórí lórí obìnrin. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ti jù ú láti ojú fèrèsé ní ọdún 1977. Ìwà ìyá wà níwájú àwọn ọmọ méjèèjì, àmọ́ kálukú mú ohun tó bá iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó yàn mu. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, òótọ́ sì ni, àmọ́ orúkọ tí ilé sọ ọmọ kọ́ ni yóò sọ gbogbo ohun tí ọmọ náà yóò dà.

Ohun tó mú ìyípadà dé àwọn ilé tí kò ní orúkọ tàbí ìwé ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò tó ìdajì mílíọ̀nù ní ọdún tó ṣáájú, lé ní 800,000 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ronú ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé àgbẹ̀ kan tí ó ní ọmọ mẹ́fà. Nígbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ wà, baba ní láti yan ẹni tí yóò lọ. Bí ó bá sì ń yàn, yóò wò ó pé ọmọbìnrin yóò lọ sílé ọkọ, ọmọkùnrin ni yóò dúró. Ìṣirò lásán ni ó ń ṣe, kì í ṣe pé ó kórìíra ọmọbìnrin rẹ̀. Bí a ṣe gbé owó náà kúrò, yíyàn náà kúrò, ọmọbìnrin sì wọ kíláàsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí baba náà lérò padà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1976. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó yẹ àbájáde rẹ̀ wò rí i pé ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọmọbìnrin lò sí i nílé ẹ̀kọ́ dín iye ọmọ tó bí kó tó pé ọmọ ọdún 25 kù ní nǹkan bí ìdámẹ́rin ọmọ kan, ìyẹn ni pé ọdún mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́ ń dín in kù tó bí ọmọ kan. Ìgbàgbọ́ nípa ipò obìnrin ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà. Ètò owó inú ilé ni ó máa ń kọ́kọ́ yí.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lójú wa báyìí láàárín àwọn ọmọ wa tó lọ sí Bìrìtìkó. Láti ọdún 2020 tí ìjọba ibẹ̀ ti ṣí físà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, tí wọ́n sì fi àwọn olùtọ́jú arúgbó kún un ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló jẹ́ pé orúkọ ìyàwó ni físà náà wà, nítorí òun ni nọ́ọ̀sì, ọkọ sì tẹ̀ lé e. Ìyàwó ń lọ síṣẹ́ alẹ́. Kò sí ìyá ọkọ nínú ilé, kò sí àbúrò, kò sí ọmọ ọ̀dọ̀, owó tí wọ́n ń gbà níbi ìtọ́jú ọmọ sì ju ohun tí apá lè ká lọ. Ọkọ ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń di irun rẹ̀ bó bá ti mọ, òun ló ń gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe é tọkàntọkàn, wọ́n sì mọ adùn rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí àwọn òbí bá pè láti ilé lórí fóònù, wọ́n á kúrò nídìí ìkòkò kí ìyá wọn má bàa rí wọn. Ìjà tó ń tú irú ilé bẹ́ẹ̀ ká kì í sábà jẹ́ lórí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Orí ẹni tí ẹbí tó wà ní Nàìjíríà ń kà sí olórí ilé ni ó sábà máa ń dá lé, nígbà tí gbogbo ilé mọ̀ pé owó ìyàwó ni wọ́n fi ń san owó ilé.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, kí wọ́n tó ti ọ̀nà náà pa fún olùtọ́jú tuntun láti òkèèrè ní ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ ní olùtọ́jú arúgbó tuntun kò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀ ilé mìíràn ti yọ, èyí tí a kò tíì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó: ìyá wà ní ìlú bí Leeds, ó ń fi owó ránṣẹ́ ní òpin oṣù, baba wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọmọ méjì, ó ń se ẹ̀bà alẹ́, ó ń yẹ iṣẹ́ àmúrelé wọn wò, ó sì ń lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ níbi tó ti jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn. Ní ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà máa ń kó ẹrù wá láàárín oṣù díẹ̀, ó sì máa ń gba ilé ìdáná lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Níbi tí ìyá àgbà kò ti sí, tàbí tí baba ti sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òun lè ṣe é, àwọn ọmọ náà ń dàgbà pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, pé baba ń dáná, ìyá sì ń wá owó láti ìlú mìíràn, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ìyípadà lójú wọn.